AC HP mélòó ló tó yàrá yín? Bẹ́ ẹ ṣe máa wọ̀n ọ́n kẹ́ ẹ tó gbówó jáde

Tí ooru oṣù kejì bá ti dé sí Òṣogbo báyìí, ìbéèrè kan ṣoṣo ló máa ń wọlé sórí fóònù mi, láti Òkè-Fìà, láti Ọ̀ta-Ẹ̀fun, láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó sílé tuntun lọ́nà Ìdó-Ọ̀ṣun: "Ẹ̀gbọ́n, yàrá mi ò fi bẹ́ẹ̀ tóbi o, ṣé 1 HP máa gbé e?" Tí n bá wá ní kí wọ́n sọ bí yàrá yẹn ṣe gùn tó, wọ́n á dákẹ́. Òmíì á ní "ó kàn wà níwọ̀nba ni." Ìwọ̀nba wo? Ìwọ̀nba ti bẹ́ẹ̀dì kan àbí ìwọ̀nba ti bẹ́ẹ̀dì, wọ́dúróòbù méjì àti fíríìjì?

Iṣẹ́ AC ni mò ń ṣe, mi ò tà á, torí náà èyí tó bá wù yín lẹ lè rà, kò sí kọ́bọ̀ tó ń bọ̀ lápò mi níbẹ̀. Bí èmi fúnra mi ṣe máa ń ṣe é nìyí.

Ohun tẹ́ ẹ máa mú dání

- Tépù, kò sí wàhálà tó bá jẹ́ ti bíríkìlà
- Bírò àti bébà
- Fóònù tẹ́ ẹ máa fi ṣírò
- Àtẹ́lẹwọ́ yín (mo máa ṣàlàyé, ẹ fara balẹ̀)

Ẹ kọ́kọ́ mọ èyí: HP kọ́ ni ká máa wò

HP (horsepower) tí wọ́n kọ gàdàgbà sára páálí yẹn, orúkọ ọjà ni. Nǹkan tó ń sọ bí AC ṣe lágbára tó ni BTU, ìyẹn bí ooru tó lè kó jáde nínú yàrá láàárín wákàtí kan ṣe pọ̀ tó. Ní ọjà wa níbí, bí wọ́n ṣe máa ń bára mu nìyí:

- 1 HP: BTU 9,000
- 1.5 HP: BTU 12,000
- 2 HP: BTU 18,000
- 2.5 HP: BTU 24,000, àmọ́ àwọn kan máa ń dín díẹ̀, ẹ wo ara rẹ̀ dáadáa

Ẹ wo àlàfo tó wà níbẹ̀ yẹn o. Láti 1 sí 1.5, BTU 3,000 ló fi jùra. Láti 1.5 sí 2, ó di 6,000. Torí náà ẹni tó ń rò pé 1.5 wà láàárín 1 àti 2 gẹ́lẹ́ ti ṣìṣirò, ibẹ̀ gan-an ló sì ti máa ń yí mọ́ èèyàn lọ́wọ́ jù.

Àbúrò mi kan tó wà ní Manchester ní àwọn náà ń da BTU láàmú lọ́dọ̀ wọn, ti radiator ni tiwọn, irin tí omi gbígbóná ń gba inú ẹ̀ kọjá tí wọ́n máa ń gbé sábẹ́ wíńdò kí òtútù má bàa pa wọ́n. Àwọn ń da ooru sínú yàrá, àwa ń kó o jáde, BTU kan náà. Wíwọ̀n náà ló sì fi ń bẹ̀rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ fa tépù

1. Ẹ wọn gígùn yàrá láti ògiri dé ògiri. Ẹ má wọ̀n ọ́n láti iwájú wọ́dúróòbù, torí afẹ́fẹ́ wà lẹ́yìn ẹ̀ náà.
2. Ẹ wọn ìbú.
3. Ẹ wọn bí sílíǹgì ṣe ga tó.
4. Fíìtì ni kẹ́ ẹ lò. Tó bá jẹ́ mítà lẹ kọ sílẹ̀, ẹ fi 3.28 táìmsì ẹ̀, ó ti di fíìtì nìyẹn.

Ẹ má lọ wo pílánù ilé o. Yàrá tó jẹ́ 12 báì 14 nínú pílánù lè ti di 11 báì 13 tí bíríkìlà àtàwọn tó ń rẹ́ ògiri bá parí iṣẹ́ wọn, mo ti rí i kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan kì í ṣe ẹ̀ẹ̀mejì.

Tí pálọ̀ bá ṣí sí dáínìn, tí kò sí ìlẹ̀kùn láàárín wọn, yàrá kan ṣoṣo ni, ẹ wọn méjèèjì pọ̀. Kọ́tìnnì kì í ṣe ìlẹ̀kùn. Tó bá sì jẹ́ pé àkàsọ̀ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ló jáde sí pálọ̀ òkè, ẹ mọ̀ pé afẹ́fẹ́ tútù máa ń rọ̀ wálẹ̀ ni, gbogbo owó tẹ́ ẹ ń ná lókè máa lọ tu àwọn tó wà nísàlẹ̀ lára, wọn ò sì ní kí yín pé ẹ ṣé. Ẹ ṣe ìlẹ̀kùn síbẹ̀ kẹ́ ẹ tó ra AC.

Ìgbésẹ̀ 2: Gígùn táìmsì ìbú, táìmsì 60

Yàrá 12 báì 12: 12 táìmsì 12 jẹ́ 144. 144 táìmsì 60 jẹ́ 8,640. 1 HP máa ń gbé 9,000, ó ti tó nìyẹn.

Níbo ni 60 yẹn ti wá? Ilé búlọ́ọ̀kù lásán ni mo fi ń wò, páànù lórí, sílíǹgì lábẹ́ ẹ̀, kò sí nǹkan kan nínú ògiri tó ń dí ooru lọ́nà. Tẹ́ ẹ bá lọ wá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ máa rí àwọn tó ní 20 tàbí 25 ni kẹ́ ẹ lò. Irọ́ kọ́ ni wọ́n ń pa, ilé tiwọn ni wọ́n ń sọ, ilé tí wọ́n ti ki nǹkan bí òwú sínú ògiri ẹ̀ àti sókè sílíǹgì, tí wíńdò ẹ̀ jẹ́ gíláàsì méjì tó bora. Ẹni tó bá fi 20 ṣírò pálọ̀ rẹ̀ ní Alékúwodò, AC tó tó yàrá ìwẹ̀ ló máa rà.

Ilé amọ̀ àtijọ́ tó nípọn, bí irú èyí tó ṣì kù ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, 50 ni mo máa ń fún un. Ògiri yẹn ń ṣiṣẹ́.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ fi kún un, ẹ yọ kúrò

Ibi tí iṣẹ́ wà gan-an nìyí, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń fò ó.

Mo máa kọ́kọ́ jẹ́wọ́ ti ara mi. Ó ti ṣe díẹ̀, ìdílé kan ní Òkè-Baálẹ̀ pè mí, pálọ̀ òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, 16 báì 14. Mo dé ibẹ̀ láàárọ̀, ara tù mí, afẹ́fẹ́ ń fẹ́, mo wo yàrá yẹn lójú lásán mo ní "1.5 ti tó o, màmá." Wọ́n rà á, mo fi í síbẹ̀, mo gbowó mi. Ọ̀sẹ̀ kejì wọ́n pè mí pé AC ò tutù. Mo débẹ̀ ní agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Ojú wíńdò méjèèjì ló kọjú sí ìwọ̀ oòrùn, oòrùn ń tàn tààrà kan tẹlifíṣọ̀n. Mo fi ọwọ́ kan ògiri, ó gbóná bí ẹ̀yìn ìkòkò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. AC ti ń pariwo látìgbà tí wọ́n ti tàn án lágogo méjì, kò sinmi rárá, yàrá ò sì kúrò lórí 28. Gáàsì pé, páìpù ò jò. Èmi ni mo ṣìṣe.

Ẹ jẹ́ á ṣírò ẹ̀ bó ṣe yẹ kí n ti ṣírò ẹ̀:

- 16 táìmsì 14 jẹ́ 224
- 224 táìmsì 60 jẹ́ 13,440
- Oòrùn ìrọ̀lẹ́, 10% lé: 14,784
- Èèyàn márùn-ún ló máa ń jókòó síbẹ̀ lálẹ́. A ti ka méjì mọ́ ọn, ó ku mẹ́ta, 600 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan: 1,800
- Gbogbo ẹ̀: 16,584

2 HP ló yẹ. 1.5 tí mo ní kí wọ́n rà, 12,000 péré ló ń gbé. A gbé 1.5 yẹn lọ sínú yàrá wọn, ó bá a mu níbẹ̀, wọ́n wá ra 2 HP sí pálọ̀, èmi sì ṣe iṣẹ́ ìkejì lọ́fẹ̀ẹ́. Látìgbà yẹn mi ò kí í wo yàrá láàárọ̀ nìkan mọ́.

Àwọn nǹkan tí mo ń fi kún un tàbí yọ nìyí:

- Ògiri tàbí wíńdò tó kọjú sí ìwọ̀ oòrùn, tí kò sí nǹkan tó bò ó: ẹ fi 10% kún un
- Igi máńgò tàbí ilé ẹlòmíì ló ṣíji bo ẹ̀gbẹ́ yẹn: ẹ yọ 10%
- Yàrá ìsàlẹ̀ nínú pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, tó jẹ́ pé yàrá míì ló wà lórí ẹ̀, kì í ṣe páànù: ẹ yọ 10%
- Sílíǹgì ga ju fíìtì 10 lọ: ẹ fi 10% kún un fún fíìtì kọ̀ọ̀kan tó bá lé
- Èèyàn ju méjì lọ: 600 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan tó bá lé
- Kíṣìnnì tó ṣí sí pálọ̀: 4,000, tàbí kẹ́ ẹ ti ìlẹ̀kùn ẹ̀

Ẹ kọ́kọ́ ṣe ti 10% kẹ́ ẹ tó ka èèyàn mọ́ ọn.

Ní ti àtẹ́lẹwọ́ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan: ní nǹkan bí agogo mẹ́sàn-án alẹ́, lọ́jọ́ tí oòrùn mú dáadáa, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ lé gbogbo ògiri yàrá yẹn níkọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ nawọ́ sókè kan sílíǹgì náà tí ọwọ́ yín bá tó o. Ògiri tó bá ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́ nígbà yẹn, tí oòrùn sì ti wọ̀ láti ìrọ̀lẹ́, òun ni ọ̀tá yín. Búlọ́ọ̀kù ti mu ooru sára, ó ń tú u sílẹ̀ fún yín nígbà tẹ́ ẹ fẹ́ sùn. Tó bá jẹ́ ògiri kan, 10% náà ni. Tó bá jẹ́ méjì pẹ̀lú sílíǹgì, ẹ fi 20% kún un.

Yàrá tí kò bá ní sílíǹgì rárá, tẹ́ ẹ bá gbójú sókè tẹ́ ẹ̀ ń rí páànù, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má ra AC. Ẹ fi owó yẹn ṣe sílíǹgì ná.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ sọ ọ́ di HP

Ẹ mú iye tẹ́ ẹ rí, ẹ wo èyí tó súnmọ́ ọn nínú èyí tí mo kọ sókè. Tó bá fi nǹkan bí 500 péré ju ti AC kan lọ, ẹ dúró lórí AC yẹn, ẹ fi kọ́tìnnì tó nípọn sí wíńdò, ó máa dí i. Tó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ gun èyí tó tẹ̀ lé e.

Tó bá jẹ́ pálọ̀ ńlá, bí i 20 báì 24, iye yẹn máa jẹ́ 28,800. Ẹ má wá ẹyọ kan tó tóbi fàkìàfakia. Ẹ ra méjì, 1.5 kan, 2 kan, àpapọ̀ wọn 30,000, kí wọ́n wà ní ìgun ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Tí ẹ̀yin méjì péré bá wà nílé ẹ tan ọ̀kan, tí àlejò bá dé ẹ tan méjèèjì. Bí ọ̀kan bá sì bàjẹ́, ilé ò ní gbóná jù.

Ìgbésẹ̀ 5: Ṣé iná yín lè gbé e?

Òṣogbo la wà, a ò lè parí ọ̀rọ̀ AC láìsọ ti iná. AC tí kì í ṣe inverter (mo máa ṣàlàyé ẹ̀ nísàlẹ̀), iye iná tó máa ń jẹ tó bá ti ń ṣiṣẹ́ kò ju báyìí lọ tàbí kó dín díẹ̀:

- 1 HP: wọ́ọ̀tì 900
- 1.5 HP: wọ́ọ̀tì 1,200
- 2 HP: wọ́ọ̀tì 1,800

Ti pé ó ń ṣiṣẹ́ lọ nìyẹn o. Ìgbà tó bá fẹ́ gbéra, ó máa fa iná tó jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ìlọ́po mẹ́ta tàbí mẹ́rin fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, ìdí nìyẹn tí jẹ́nẹ́rétọ̀ kékeré fi máa ń kú "gbì" tí AC bá fẹ́ ta. Fún 1 HP, jẹ́nẹ́rétọ̀ 2.5 kVA ni mo máa ń ní kí wọ́n ní ó kéré tán, 3.5 fún 1.5 HP, 5 sókè fún 2 HP. Èyí tí wọ́n ń pè ní "I better pass my neighbour" yẹn, ẹ fi gbé fáànù àti tẹlifíṣọ̀n, ẹ má dán an wò.

Ní ti mítà: 1.5 HP tó bá ṣiṣẹ́ wákàtí 8 láìsinmi máa jẹ tó yúnìtì 9 sí 10. Ẹ fi iye tí IBEDC, iléeṣẹ́ tó ń pín iná, ń tà á fún yín ṣírò ẹ̀. Àwọn tó wà lórí Band A, tí wọ́n ṣèlérí wákàtí 20 fún lójúmọ́, iná máa wà lóòótọ́ àmọ́ owó ẹ̀ ju ti ará yòókù lọ, torí náà AC tó bá yàrá mu tó máa ń sinmi, ọ̀rọ̀ owó ni fún yín.

Wáyà: AC kọ̀ọ̀kan ló yẹ kó ní wáyà tiẹ̀ láti ibi bọ́ọ̀dù. 2.5 mm fún 1 HP àti 1.5 HP, 4 mm fún 2 HP. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni so ó mọ́ sọ́kẹ́ẹ̀tì tí àyọ́ọ̀nù wà. Mo ti rí sọ́kẹ́ẹ̀tì tó yọ́ bí àbẹ́là.

Tí iná àdúgbò yín bá máa ń rẹlẹ̀ lálẹ́, tí gílóòbù ń pọ́n bí ojú ológbò, kí oníná fi tẹ́sítà wò ó ní nǹkan bí agogo mẹ́jọ. Tó bá wà nísàlẹ̀ fóòtì (volt) 190, ẹ ra stabilizer ti AC mọ́ ọn tàbí kẹ́ ẹ ra AC tí wọ́n kọ sára ẹ̀ pé ó lè ṣiṣẹ́ lórí iná tó rẹlẹ̀.

Àṣìṣe tó ń jẹ owó jù

*"Kó kúkú tóbi jù."* Rárá o. Arákùnrin kan ní Dada Estate ra 2 HP sínú yàrá 10 báì 12. 120 táìmsì 60 jẹ́ 7,200, 1 HP gan-an ti jù fún un. Yàrá yẹn máa ń tutù láàárín ìṣẹ́jú mẹ́rin, AC á kú, kò pẹ́ á tún ta, á tún kú, bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa ń ṣe di ààjìn. Yàrá tutù lóòótọ́ ṣùgbọ́n kò dùn ún sùn. Ìdí ni pé AC gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ pẹ́ díẹ̀ kó tó lè fa ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ jáde, omi tẹ́ ẹ máa ń rí tó ń kán níta yẹn nìyẹn. Tiẹ̀ ò ráyè fa nǹkan kan. Nígbà tí òjò oṣù keje dé, ìyàwó ẹ̀ ṣí wọ́dúróòbù, agbádá tó fi ṣègbéyàwó ti bu ní ọrùn, ó ń rùn bí aṣọ tí wọn ò sá gbẹ. Ọdún kejì ni kọ̀m̀pirẹ́sọ̀, ìyẹn ẹ́ńjìnnì AC náà, bàjẹ́.

*Wọ́ọ̀tì tí wọ́n kọ sára ẹ̀.* Ẹ máa rí "Cooling Capacity 3500W" lára AC 1.5 HP. Ọ̀pọ̀ ló ti sá fún un pé ó máa jẹ iná wọ́ọ̀tì 3,500. Kì í ṣe iná tó ń jẹ nìyẹn, ooru tó ń kó jáde ni, BTU náà ni wọ́n fi wọ́ọ̀tì kọ. Ẹ fi 3.412 táìmsì ẹ̀, ó di bí 12,000. Iná tó ń jẹ ni wọ́n kọ sí "Rated Power Input". Ẹ ka méjèèjì ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́ ẹ tó sanwó, kẹ́ ẹ má gba ọ̀rọ̀ ẹnu, torí mo ti rí AC tí wọ́n kọ 1.5 HP sára páálí tí BTU ara ẹ̀ ò pé 10,000.

*AC inverter àti inverter bátìrì.* Nǹkan méjì ni wọ́n o! AC inverter ni èyí tí kọ̀m̀pirẹ́sọ̀ ẹ̀ lè dín eré kù dípò kó máa kú kó máa ta. Ó ń jẹ iná díẹ̀, kì í sì fa iná lójijì tó bá ń gbéra. Àmọ́ orúkọ yẹn ò ní kí bátìrì méjì tó wà lábẹ́ àkàsọ̀ yín máa gbé e mọ́jú. Wíwọ̀n yàrá ẹ̀ kò sì yàtọ̀, àfi pé tẹ́ ẹ bá wà láàárín 1 àti 1.5, inverter 1.5 ò ní dà yín láàmú.

*"Bí ti ará ilé kejì."* Ilé kan náà, yàrá kan náà, ọ̀kan kọjú síbi tí oòrùn ti ń yọ, ìkejì kọjú síbi tó ń wọ̀ sí. AC wọn ò lè dọ́gba.

Tówó AC ò bá tíì sí

Ẹ ṣe é bí mo ṣe tò ó yìí: kọ́tìnnì tó nípọn síbi tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń gbà wọlé, ẹ dí abẹ́ ìlẹ̀kùn, ẹ gbé fíríìjì kúrò nínú yàrá torí ẹ̀yìn ẹ̀ ń tú ooru sílẹ̀ tọ̀sán tòru, kẹ́ ẹ wá jẹ́ kí kápẹ́ńtà ṣí ihò sí ẹ̀gbẹ́ òrùlé kí afẹ́fẹ́ gbígbóná tó wà lókè sílíǹgì rí ibi jáde. Wíńdò louvre, ẹ mọ̀ pé kì í pa dé tán, tẹ́ ẹ bá máa ra AC lọ́jọ́ iwájú ẹ pààrọ̀ ẹ̀ kọ́kọ́. Ọ̀pọ̀ yàrá tó yẹ kó gba 1.5 ni mo ti rí tó padà gba 1 lẹ́yìn àwọn nǹkan kékeré wọ̀nyí.

Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fi í sí i tán

Kí ẹni tó fi í sí i má tíì lọ. Ẹ tan án, ẹ gbé e sí 18, ẹ ti ìlẹ̀kùn, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 20. Ẹ fi tẹmómítà wo afẹ́fẹ́ tó ń wọ òkè ẹ̀, ẹ tún wo èyí tó ń jáde nísàlẹ̀. Tí ìyàtọ̀ ẹ̀ bá wà láàárín 8 sí 11 lórí ìwọ̀n Celsius, AC yẹn ń ṣiṣẹ́ ẹ̀. Tí kò bá tó bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ gáàsì, páìpù tàbí fíltà tó ti dọ̀tí ni, àgàgà tó bá jẹ́ ìgbà ọyẹ́ tí eruku pọ̀, ẹ má jẹ́ kó sọ fún yín pé HP ló kéré. Ṣùgbọ́n tó bá ń fún yín ní 10, tí yàrá ò sì tutù títí ilẹ̀ fi ṣú, ẹ gbé tépù, ẹ padà sí Ìgbésẹ̀ 3.